Ẹni Kẹfà Lórí Pápá

Lábẹ́ òfin àgbáyé, 40 ìṣẹ́jú ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù ajùsápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ìpín mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni márùn-ún ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi márùn-ún sọ 40 di púpọ̀, 200 ni. Igba ìṣẹ́jú tí kóòṣì ní lọ́wọ́ láti pín nìyẹn, orúkọ tó sì lè wà nínú ìwé rẹ̀ kò ju 12 lọ. Mo fi báírò ṣe ìṣirò yìí sẹ́yìn ìwé ìléwọ́ kan tí wọ́n fi ń polówó ilẹ̀ ní Ṣímáwá. Tí a bá pín in dọ́gbadọ́gba, ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo mú un lọ bá kóòṣì wa.

Ó kà á. Ó yí i padà, ó ka ti ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ó wá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn ò sì gbà á lákòókò rárá, torí n kò ga.

"Ṣé ogún bàbá yín la fẹ́ pín ni?"

Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò. Bí mo ṣe sọ ẹjọ́ àkọ́kọ́ nù nìyẹn. Ìyókù ìtàn yìí dá lórí àwọn ọ̀nà mìíràn tí mo gbà wá ìṣẹ́jú 16 mi, kò sì sí èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú.

Ọmọ Ṣímáwá ni mí, ní Rẹ́mọ. Ẹ lè má mọ ìlú wa bí kò bá jẹ́ pé ẹnìkan ti fẹ́ ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún yín rí. Ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, géètì ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n kọ "Gardens" sára rẹ̀, òdòdó kan ṣoṣo kò sí nínú ọgbà náà. Ní Rẹ́mọ, bọ́ọ̀lù tí a fi ẹsẹ̀ gbá ni bọ́ọ̀lù. Ọdún 2025 tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ayọ̀ gba gbogbo ilé. Bí o bá sọ pé o ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni ìgbà tí Remo Stars máa wá mú ọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún màmá mi pé ọwọ́ la fi ń gbá tiwa, ó ronú díẹ̀.

"Ọwọ́ kẹ̀? Réfírì ò sì ní fọn fèrè?"

Ẹni tí mo fi ń tu ara mi nínú ni Hakeem Olajuwon. Wọ́n bí i sí Èkó ní 1963. Bọ́ọ̀lù mìíràn tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní handball, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gbá. Ó ti ń lọ bí ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó wọ Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NBA, nígbà tó sì di 1994 àti 1995, ó gba ife náà fún Houston Rockets léra-léra. Mo mọ ìtàn yìí lórí ju bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, torí èmi náà pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo máa ń fò nínú rẹ̀ ni pé Olajuwon tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Èmi jẹ́ márùn-ún àti díẹ̀. Irin apẹ̀rẹ̀ náà sì rèé, ẹsẹ̀ bàtà 10 ló fi jìnnà sílẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí a jọ ń du àyè kan náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò ga jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń wà ní pápá. Pápá wa náà kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jí: sìmẹ́ǹtì tó ti là, irin méjì tí ọ̀kan nínú wọn ti tẹ̀ sí apá òsì, kò sí àwọ̀n lára èyíkéyìí. Yóò dúró sí ojú ìlà tí a ti ń ju ọ̀fẹ́, yóò máa jù ú, yóò máa sáré mú un, yóò tún padà wá jù ú. Mo ní ojú ayé ló ń ṣe. Mo ní kóòṣì ló fẹ́ kó rí òun. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí kóòṣì ṣe máa rí mi: mo ń gbé báàgì rẹ̀, mo ń fọ mọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, títí ó fi sọ fún mi pé tí mo bá fi ọwọ́ yẹn ju bọ́ọ̀lù, òun á fi owó fọ mọ́tò òun.

Kóòṣì yìí náà ló gbọ́ pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ sókè òkun kí sáà ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. NCAA tó ń ṣàkóso eré ìdárayá wọn gbà wọ́n láyè ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n á sì tún fún wọn ní ọjọ́ ìgbáradì 10 lé e lórí. Àwọn kan á gba Spain lọ, àwọn kan á gba Bahamas. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní ìgbafẹ́, àmọ́ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé ogun ni. Ayò tí wọ́n bá jẹ níbẹ̀ kò sí nínú ìṣirò kankan, nítorí náà kò sẹ́ni tó ní àyè tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kóòṣì ti ń mọ ẹni tó lè gbá yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ga. Kí wọ́n tó délé, wọ́n á ti mọ ẹni tó máa jókòó.

Oṣù August ọdún 2025 yẹn náà ni àwọn obìnrin wa, D'Tigress, na Mali 78 sí 64 ní Abidjan, tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà karùn-ún léra wọn. Ní 2024 tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti na Australia àti Canada ní Òlíḿpíìkì Paris, wọ́n wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn, níbi tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí. Orí kóòṣì wa gbóná. Ó ní àwa náà gbọ́dọ̀ jáde. A ṣí àpò ẹgbẹ́ wò, owó tó wà níbẹ̀ gbé wa dé Kútọnù.

Kò sí ẹni tó fipá mú mi parọ́ nílé. N kò tilẹ̀ parọ́. Mo kàn sọ pé, "Wọ́n ń kó wa lọ sókè òkun," mo dákẹ́, mo jẹ́ kí Ṣímáwá parí ìyókù fún ara wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, màmá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú ìjọ. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bá ẹ̀mí inú afẹ́fẹ́ wí, ó bá ti orí omi wí, ó ní ọkọ̀ òfurufú tí mo máa wọ̀ kò ní já. Mo ṣe Àmín. Bọ́ọ̀sì elérò 18 ni a máa wọ̀, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ká sòótọ́, àdúrà náà gbà: kò já.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni àwọn tó máa rán mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ bàtà. Bàbá tó ni ilé òdìkejì wa fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, "èyí tí òyìnbó fi ń wo tara rẹ̀ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa." Ó fẹ́ rí físà mi pẹ̀lú. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ kóòṣì. Físà kankan kò sí, kò sì sẹ́ni tó nílò rẹ̀: láti 1979 ni àwọn ìjọba ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìyá Aláṣọ, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa tó ti ṣíwọ́ ọjà títà, ní ọṣẹ ìwẹ̀ olóòórùn dídùn nìkan ni òun fẹ́. Ó ká 5,000 náírà sínú bébà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì tẹjú mọ́ mi pẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ó ń súre fún mi nínú ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Níbi ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, kóòṣì béèrè ẹni tó gbọ́ Faransé láàárín wa, kí ó lè máa bá wa túmọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ní 1996 ni Abacha kéde pé Faransé ti di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Bí odidi ìjọba bá lè sọ bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ ọ, kí ló dé tí èmi ò lè sọ ọ́? Ohun tí mo mú kúrò ní JSS 3 ni bonjour, merci, àti orin kan tí n kò rántí ìparí rẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Ìrònú mi ni pé ogbufọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti kóòṣì, ẹni tó bá sì jókòó ti kóòṣì ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà nígbà tó bá fẹ́ fi ẹlòmíràn wọlé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí a tó jáde níbẹ̀, wọ́n ti sọ mí ní Tápítà.

A gba Sagamu Interchange bọ́ sí Èkó, a gba Mile 2, a wá kọrí sí ọ̀nà Àgbádárìgì, ọ̀nà tí n kò ní sọ ohun kankan nípa rẹ̀ torí ìdí mi kò tí ì gbàgbé. Nígbà tí a dé Àjárá, pátákó Nigeria French Language Village yọ sí wa, ibi tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lè máa kọ́ ọ nílé dípò kí wọ́n ná owó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Kóòṣì yíjú sí mi.

"Ṣé ibẹ̀ lo ti kọ́ tìẹ?"

Mo mi orí. Irọ́ mi gba ìwé ẹ̀rí nìyẹn.

Ní ẹnubodè Sèmè, a dé ìhà kejì, wọ́n ní kí ogbufọ̀ jáde. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, mo lọ bá ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba, mo ní, "Bonjour, monsieur." Ó wò mí, ó wo àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin mélòó ni?" Yorùbá tó já gaara. Mo gbàgbé pé láti ibẹ̀ dé Àjàṣẹ́, dé Pobè, dé Kétu, dé Sábẹ, ilé Yorùbá ni. Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, kóòṣì bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin náà fi ń sọ Yorùbá. Mo ní ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó wà nínú ọkọ̀ ni. Kóòṣì, tí ó jẹ́ àgbà kan ṣoṣo níbẹ̀ yàtọ̀ sí awakọ̀, rọra tún jókòó dáadáa. Inú rẹ̀ dùn.

Irọ́ náà kò ní wàhálà ní Kútọnù fún ìgbà díẹ̀. Ọmọkùnrin tó mú wa wọ ilé ibùsùn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tó ń ta àkàsà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀wù wọn, fi ìka sọ iye tí a máa san. Gbogbo ìgbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá sì ti dá wa lóhùn, mo máa ń mi orí sí kóòṣì bí ẹni pé èmi ni mo ṣètò rẹ̀.

Alẹ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni mo dán nǹkan kan wò tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ. Màmá mi ti di ẹ̀bìrìpò fún mi láti ilé. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Rẹ́mọ, kókò ni wọ́n ń rin, tí wọ́n á pò, tí wọ́n á fi ewé dì, tí wọ́n á sè. Ìyá mi kì í di kékeré. Ewé rẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ti di mọ́ kókò náà lára, nígbà tí mo sì ń bó o, ojú ilà ewé hàn ketekete lára ẹ̀bìrìpò, títí dé àwọn tín-ín-rín. Ó wúwo lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá jẹ èyí lálẹ́, tó tún jẹ ẹ́ láàárọ̀, báwo ló ṣe máa fò?

Mo gbé mẹ́rin lọ bá ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Mo tún wá ọbẹ̀ ẹlẹ́ja síbẹ̀, owó mi ni mo fi rà á. Mo ní, "Àbúrò, jẹun, ọ̀la lọjọ́ ńlá." Ó jẹ méjì. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá ìyá mi ló máa ń fún mi ní èyí kí n tó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mi ò ti rí i jẹ."

Ó jí láago mẹ́rin, ó jẹ ọ̀kan sí i, ó jáde lọ sáré. Èmi ni mo jẹ ìkẹrin kí ó má baà bàjẹ́. Mo sùn títí wọ́n fi wá gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Àwọn tí a bá gbá jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, wọ́n ga, wọ́n sì mọ ara wọn. Kóòṣì fi ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ṣáájú. Ẹ̀bìrìpò náà ṣe ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé yóò ṣe: ọmọ náà kò dúró. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó gùn jù ú lọ ní orí kan àti ọrùn, ó sáré, ó jù ú, ó wọlé. Èmi jókòó lápá ọ̀tún kóòṣì, gẹ́gẹ́ bí ipò mi. Mo wọ jẹ́sì. Mo ti de okùn bàtà mi lẹ́ẹ̀mejì. Kóòṣì sì ń wò mí lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bi mí ni, "Kí ni réfírì yẹn sọ?" N kò mọ̀. Mo ní ó ní kí wọ́n máa gbá lọ. Gbogbo ohun tí réfírì sọ títí di ìpín kẹta, mo túmọ̀ rẹ̀ sí kí wọ́n máa gbá lọ.

Òṣìṣẹ́ ni mo jẹ́, n kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù mọ́. Kóòṣì fi àwọn mẹ́ta tó jókòó lẹ́yìn mi wọlé, ó mú wọn jáde, ó tún fi àwọn méjì mìíràn wọlé. Kò lè fi mí wọlé. Ta ni yóò máa túmọ̀ fún un?

Ìpín kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù wá. Wọ́n jẹ mẹ́ta, wọ́n jẹ méjì, wọ́n tún jẹ mẹ́ta mìíràn. Ojú kóòṣì pọ́n. "Tápítà! Sọ fún wọn pé ká sinmi! Tètè!"

Mo sáré dé ibi tábìlì àwọn akọ̀wé. Obìnrin méjì àti ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni bonjour. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Bonjour." A wá ń wo ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọdé tó bá ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀. Tábìlì yẹn kò nílò ogbufọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ sinmi, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n á fi ìka ọwọ́ kejì tì í nísàlẹ̀, kó rí bíi lẹ́tà T. Bí ẹnìkan bá fẹ́ wọlé rọ́pò ẹlòmíràn, yóò gbé apá méjèèjì ṣe àgbélébùú níwájú àyà. Bó ṣe rí ní Manila náà ló rí ní Ṣàgámù. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí, ọwọ́ mi méjèèjì sì kóra jọ lọ sí àyà bí ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ọ̀kan gun orí èkejì.

Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ti wá sọ ohun tó yé òun. Bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n fun fèrè, réfírì bojú wẹ̀yìn, ó rí mi: jẹ́sì lọ́rùn, bàtà lẹ́sẹ̀, apá lórí àyà. Òfin FIBA ní ẹni tó fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ níbi tábìlì, ẹlòmíràn kò lè bá a sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe ní Kútọnù, èyí nìkan ni mo ṣe bí ìwé ṣe wí. Réfírì na ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀.

Mo wo ẹ̀yìn. Kóòṣì ń fi ọwọ́ ṣe T, ó ń ṣe é, ó ń ṣe é. Mo wo iwájú. Réfírì ń pè mí. Ẹ̀yin náà, ta lẹ máa dá lóhùn?

Mo wọlé. Kò sẹ́ni tó jáde, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni kí òun jáde. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọ pápá, eré bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn jù ú sí apẹ̀rẹ̀, ó kọ lu irin, ó ta sókè, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. N kò fò. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ti fi ìdí ta gbogbo àwọn tó ga sẹ́yìn, èmi kàn dúró síbẹ̀ ni. Mo gbá a mọ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn òǹwòran dìde, wọ́n ń ka nǹkan pọ̀: un, deux, trois! Mo rò pé ìgbésẹ̀ mi ni wọ́n ń kà. Quatre, cinq! Inú mi dùn dé ibi pé mo tún ìgbésẹ̀ náà gbé dáadáa. Wọ́n dé six, gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Faransé kan ṣoṣo tó yé mi láti ìgbà tí a ti kọjá Sèmè nìyẹn.

Fèrè dún. Ẹgbẹ́ tó bá fi ẹni mẹ́fà gbá ti ṣẹ̀, ìyà rẹ̀ sì ni jíjù ọ̀fẹ́ kan fún àwọn tí wọ́n ń bá gbá. Wọ́n jù ú, ó wọlé. Ẹni tó ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí sí lọ́rùn nínú ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kóòṣì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á fi lẹ́tà B sí i. Kóòṣì wa dúró níbẹ̀, ó ń wo obìnrin náà bó ṣe ń kọ ọ́. (Ní NBA, láti 1983 ni wọ́n ti ń fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹni kẹfà lọ́lá. Ẹni kẹfà tiwọn máa ń dúró kí ẹnìkan jáde ná.)

Wọ́n nà wá. Nínú bọ́ọ̀sì, kóòṣì kò pariwo. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé ìléwọ́ mi jáde. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù. Ìpolówó ilẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ló jẹ́ kó tọ́jú rẹ̀, ó ti ń ro ti pílọ́ọ̀tì kan. Ó béèrè báírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ 14 sábẹ́ ìlà méjì tí mo fà, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí aago pápá fi kà mí, ó yọ ọ́ kúrò, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ó ku ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 26 tí mo jẹ ọ́. Má bi mí mọ́."

Kí a tó padà, a dé ọjà Dantokpa. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì lè ra bàtà ẹ̀gbọ́n mi. Mo ra ọṣẹ Ìyá Aláṣọ. Ọṣẹ náà dára, bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán òdòdó wà lára rẹ̀. A ti kọjá Àgbádárìgì padà kí n tó ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ṣe é. Ọṣẹ náà ti kúrò nílé, ó ti sọdá ẹnubodè, mo sì ti fi sẹfà rà á padà. Mo fi èékánná ha ibẹ̀ títí a fi dé Mile 2.

Ìyá Aláṣọ gbà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tí mo ha.

"O kú ìrìn, ọmọ mi. Kútọnù ti ṣe rí báyìí?"

Mo ní, "Mà?"

"Mo ti ń lọ ra áńkárá níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè wọ́n ní Dahomey. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé òkè òkun tí ènìyàn ń fi bọ́ọ̀sì lọ, tí ìyá rẹ̀ ń di ẹ̀bìrìpò fún un, mi ò mọ̀ ọ́n? Iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ yìí ní sẹfà, mo mọ̀ ọ́n. Ṣẹ́ńjì mi dà?"

Ṣẹ́ńjì rẹ̀ ni mo fi ra ọbẹ̀ ẹlẹ́ja, èyí tí mo ní owó mi ni. Mo san án díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe di ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ ti gbọ́, màmá mi ti gbọ́, bàbá òdìkejì sì ń pè mí ní Físà títí di òní.

Ní ìpàdé wa tó tẹ̀ lé e, kóòṣì ní Accra ní Gánà ni a máa lọ ní ọdún tó ń bọ̀, bí owó bá wà. Ó ní ohun tó wu òun níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, a kò ní nílò ogbufọ̀. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo nawọ́ sókè, mo ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ o, wọ́n ń sọ Gã, wọ́n ń sọ Twi.

"O gbọ́ Twi?"

"Díẹ̀díẹ̀, sà."

Nígbà tí a ń jáde, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti rí ohun tó ń ṣe mí bí mo bá ń ju bọ́ọ̀lù, apá mi ló ń ṣí síta, kò ní gba ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láti tún un ṣe. Ó ní kí n wá bá òun ní pápá láago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò ní ṣeé ṣe, àbúrò, àárọ̀ ni mo fẹ́ máa fi kọ́ Twi.